Ẹ So Ajá Yín Mọ́lẹ̀ Kí Ó Tó Di Ẹjọ́

Ẹni tó bá jí ní ìdájí ní Sùúrùlérè, Yábàá tàbí Muṣin, tí ó fẹ́ tètè wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kì í ṣe olè nìkan ló ń bẹ̀rù. Ó ń bẹ̀rù ajá pẹ̀lú. Ẹ ó rí i tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń tú ààtàn, tí òmíràn nà gbalaja síwájú géètì tí olówó rẹ̀ ṣí fún un láti òru kí ó lè jáde lọ yàgbẹ́. Ọ̀nà kan náà yìí ni ọmọ ilé-ìwé, ìyá alákàrà àti ẹni tó ń lọ kírun àsùbáà ń gbà kọjá.

Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè àti Lagos Mainland láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fi Muṣin kún un. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi rìn láti ibùdókọ̀ wọ inú àdúgbò. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kò ní ibi tó lè sá sí bí ajá bá dìde sí i.

Ní òpópónà tí mò ń gbé, ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ kan ni ìyá rẹ̀ rán pé kó lọ ra àkàrà. Ajá ilé kẹrin sí tiwọn gbá tẹ̀ lé e, ó sì gé e jẹ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí bàbá ọmọ náà dé ilé olówó ajá, ó kọ́kọ́ kí i dáadáa: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o. Ajá yín ti gé ọmọ mi jẹ." Èsì tí ó gbà ni pé: "Ajá mi kì í gé ènìyàn jẹ o, àfi tí ọmọ yín bá ń sá fún un." Wọ́n béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá, ọkùnrin náà ní káàdì wo? Kò sí káàdì, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí okùn lọ́rùn ajá. Bàbá ọmọ ló lọ yáwó fún abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ọ̀hún kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Owó kékeré tí olówó ajá kò ná lé ajá rẹ̀ lórí ló di owó ńlá lọ́rùn ẹni tí kò sin ajá rárá.

Ọmọ náà yè é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń yè é. Àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó tó ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gọ́ta (59,000) ènìyàn tí ó ń pa lọ́dọọdún, ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì wà. Bí ó bá pa ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ajá ló kó o ran gbogbo wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ẹranko tí a fura sí pé ó ní àrùn yìí gé jẹ, bí ogójì (40) ni kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí àrùn náà bá ti fojú hàn lára ènìyàn, tí omi ń bà á lẹ́rù, tí ó ń ṣe wérewère, agbára káká ni dókítà kankan fi lè gbà á là.

Ohun tó bani nínú jẹ́ ni pé àrùn yìí ṣeé dènà, kò sì jẹ́ tuntun pé ó ṣeé dènà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá dìgbòlugi gé jẹ ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Joseph Meister lorúkọ ọmọ náà, ó sì yè. Nílùú wa níbí, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá. Kí wá ni a fẹ́ sọ pé a kò ní?

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rù olè ló mú kí àwọn máa sin ajá. Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sin ajá. Ṣùgbọ́n ajá tó wà lórí ààtàn ní agogo méjì òru, ilé ta ló ń ṣọ́? Inú ọgbà ni ajá ti ń ṣọ́lé. Ẹni tí kò ní ọgbà, tí ó ń gbé yàrá kan nínú ilé tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé, kí ó ro ó dáadáa kí ó tó ra ajá.

Àwọn mìíràn yóò ní bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é lábúlé. Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ó ti rí lábúlé. Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọdẹ ní fèrè, ajá rẹ̀ sì mọ ohùn rẹ̀. Gbogbo abúlé ló mọ ẹni tó ni ajá, wọ́n mọ ilé tí wọn yóò bá ẹjọ́ lọ. Ní Muṣin, ta ló mọ ẹni tó ni ajá tó gbá tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀? Àṣà abúlé ni a gbé wá sí ìgboro, a sì fi fèrè sílẹ̀ sílé.

Ìjọba náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ibi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to pátákó ìpolówó, ìrìn àti ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn inú ilé, àti ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé ara wọn. Owó pátákó, wọ́n rántí rẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn nítorí rẹ̀. Ajá tó wà láàárín méjèèjì nìkan ni wọ́n gbàgbé. Ẹ̀yin àgbà mọ bí ọkàn ènìyàn ti máa ń já nígbà tí wolé-wolé bá wọ àdúgbò láyé àtijọ́. Ta ló ń wolé nítorí ajá lónìí?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti wà láti ọdún 1992 pé ajá tó bá jáde gbọ́dọ̀ ní okùn lọ́rùn tí orúkọ àti àdírẹ́sì olówó rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London ń pa òfin yìí mọ́, wọ́n tún ń mú ọ̀rá dání láti fi kó ìgbẹ́ ajá wọn. Kò sí ohun tó wà nínú èyí tí àwa nílé kò lè ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lóko, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ẹ má fi ata tàbí epo sójú ọgbẹ́. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ ojú ọgbẹ́ kékeré. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má yára pa ajá náà. Ẹ dè é síbi tí kò ti ní rí ẹnikẹ́ni gé jẹ, kí ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ó bá yí padà tàbí tí ó kú, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá náà kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́ o.

Ní ti Èkó, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Kí olówó ajá so ajá rẹ̀, kí ó sì máa gba abẹ́rẹ́ fún un lọ́dọọdún. Kí onílé béèrè káàdì ajá lọ́wọ́ ayálégbé bí ó ti ń béèrè owó ilé. Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ forúkọ ajá sílẹ̀ ládùúgbò, kí wọ́n sì mú ẹni tó bá da tirẹ̀ sígboro. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé lọ́dọọdún. Kí ọjọ́ náà má bá ajá yín láìgba abẹ́rẹ́.

Ajá kò mọ òfin. Ẹni tó ń bọ́ ọ ló mọ̀ ọ́n. Òun náà ni kí a bi.