Ìsinmi Àgbà Kì í Ṣe Ìjókòó Láti Òwúrọ̀ Dalẹ́

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu tàbí ní Àjàṣẹ́ máa ń rántí nígbà tí owó bá wọlé díẹ̀. Wọn a ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, wọn a gbé e lọ fún ìyá wọn ní Kétu tàbí ní Sábẹ, wọn a sì ra àga onítìmùtìmù kún un. Wọn a sọ fún ìyá pé kí ó má lọ sí oko mọ́, kí ó má pọn omi mọ́, kí ó má gúnyán mọ́. Ọmọ-ọmọ kan yóò máa ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò a yìn wọ́n pé wọ́n ṣe ọmọ. Inú ìyá a dùn, ó sì yẹ kí ó dùn.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni kò sí ẹni tí ń ronú sí. Ìyá tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà tẹ́lẹ̀, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, tí ó ń dìde lórí àpótí ìdáná ní ogún ìgbà lójúmọ́, wá jókòó láti òwúrọ̀ títí ìròyìn alẹ́ fi parí. Bí iná mànàmáná bá lọ, fóònù a bọ́ sí i lọ́wọ́, fídíò WhatsApp a sì máa tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí ó bá fẹ́ dìde, àfi kí ó di apá àga mú. Wọn a ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́.

Ẹran itan àti ti ẹsẹ̀ wà lára èyí tí ó tóbi jù lọ ní ara ènìyàn. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọn a máa gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò. Bí wọ́n bá wà lásán fún wákàtí púpọ̀, ṣúgà náà a pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà a sì ṣí fún àtọ̀gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ tí ìrìn ń tì padà sókè a máa dúró sí ìsàlẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ a wú. Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó ń fa rọpárọsẹ̀, fẹ́ràn ara tí kì í rìn. Ẹran tí ènìyàn kò lò a máa joro, egungun a máa pàdánù agbára rẹ̀, títí ìṣubú kan ṣoṣo nínú balùwẹ̀ yóò fi ṣẹ́ egungun ìbàdí.

Kì í ṣe òní ni àwọn dókítà ti ń rí èyí. Ní 1953, Jeremy Morris àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ akérò ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ náà ní òkè àti ìsàlẹ̀. Awakọ̀ ń jókòó ní gbogbo ọjọ́. Ẹni tí ń gba owó ọkọ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, síbẹ̀ àrùn ọkàn ń bá awakọ̀ jà ju agbowó lọ.

Ti ọpọlọ tún wà níbẹ̀. Ní 2022, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì wò, àwọn tí ó ti pé 60 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye wọn sì ju 145,000. Àìsàn tí iyè àgbàlagbà fi ń rà pọ̀ jù láàrin àwọn tí ń wo tẹlifíṣọ̀n púpọ̀. Kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn tí ń jókòó ti kọ̀ǹpútà. Èyí kò fi hàn dájú pé tẹlifíṣọ̀n ni ó fa àìsàn náà. Ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu: ẹni tí ń wòran, ẹlòmíràn ni ó ń ronú fún un, ẹni tí ń kàwé tàbí tí ń ṣírò owó èsúsú, orí ara rẹ̀ ni ó ń lò. Àgbàlagbà tí ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní ìrọ̀lẹ́ ti lo oògùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé tẹlifíṣọ̀n sọnù nítorí èyí. Opó tí ó ń dá gbé ń gbọ́ ohùn ènìyàn níbẹ̀, ó sì ń rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókèèrè nínú fóònù. Ibi tí ó ti burú ni pé ilé ń fi ẹ̀rọ rọ́pò ènìyàn. Owó ẹ̀rọ rọrùn fún ọmọ láti san ju àkókò lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí ẹni tí ó ti pé 65 ọdún máa rìn kánmọ́kánmọ́, tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ tí ó jọ ọ́, fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ìdajì wákàtí ni, lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Kí ẹni tí ó ní àrùn ọkàn kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìpolówó ọjà bá sì dé lórí tẹlifíṣọ̀n, àkókò àtidìde nìyẹn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Kí ọmọ-ọmọ máa gbé omi tí ó wúwo, kí ìyá àgbà máa bomi rin ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé, kí ó máa bọ́ adìyẹ, kí ó máa rìn lọ kí ìyá ìkókó. Ní Kétu, níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bu ọlá fún àwọn ìyá, ojú agbo ni ipò ìyá àgbà, kì í ṣe kí wọ́n fi fídíò ijó náà ránṣẹ́ sí i lórí àga. Ọmọ tí ó ń bọ̀ wálé ní ìparí oṣù yìí lè mú bàtà tí kì í yọ̀ dání fún ìyá rẹ̀, kí ó sì bá a rìn dé ọjà kí ó tó padà sí Kútọnu.