Ẹṣin Inú Ìwé àti Ẹṣin Ara Òpó

Láìsí àkọsílẹ̀, orúkọ ẹṣin kì í pẹ́ ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, bí ó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó. Ẹ̀rí èyí wà nínú ìtàn Greyhound, ẹṣin aláwọ̀ eérú kan tí wọ́n bí ní Kentucky, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1932, tí ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Hambletonian ní ìlú Goshen ní ọdún 1935. Eré tí irú ẹṣin yìí ń sá yàtọ̀ sí eyí tí àwọn ará Èkó àtijọ́ ń wò ní Race Course, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í gun ẹ̀yìn rẹ̀: kẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ onítáyà méjì ni ó ń fà, ẹni tí ń darí rẹ̀ a sì jókòó sórí kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú okùn ìjánu lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ni ẹṣin náà gbọ́dọ̀ máa gbé pọ̀, kí ó tó gbé méjì yòókù. Bí ó bá ṣèèṣì bẹ́ gìjà tí ó ń fò bí ẹṣin ogun, dandan ni kí wọ́n fà á padà sí ìrìn rẹ̀, kí wọ́n tó fà á padà tán, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a ti kọjá lọ.

Dọ́là 900 péré ni wọ́n ra Greyhound nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún kan, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò lè bímọ láéláé. Síbẹ̀, nínú ìsáré 82, ó borí nínú 71, nígbà tí ó sì di ọdún 1938, ó sá máìlì kan ní Lexington láàárín ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 55¼. Ó kú ní ọdún 1965. Ọdún 1969 ni ẹṣin irú rẹ̀ mìíràn tó sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dá tí kò lọ́mọ, aago àti ìwé ni ó jogún orúkọ rẹ̀. Ìwé ni ó tilẹ̀ dá ìran ẹṣin náà sílẹ̀, nítorí pé ní ọdún 1879 ni àwọn tí ń sìn wọ́n là á sílẹ̀ pé ẹṣin tí ó bá lè sá máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ yẹ ní kíkọ sínú ìwé ìran, láti ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Standardbred, ìyẹn ẹṣin òdiwọ̀n.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò lè bí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀. Àárín òkè àti igbó ni Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wà, níbi tí eṣinṣin tsetse, eyí tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó sì ń kó àrùn aṣekúpani sí i lára, kì í jẹ́ kí ẹṣin dàgbà. Láti ìhà àríwá ni wọ́n ti ń mú wọn wá, owó gọbọi ni wọ́n sì ń ná lé wọn, débi pé ọba, olóyè àti ológun nìkan ni agbára wọn ká a. Síbẹ̀ tọmọdé tàgbà ní àgbègbè náà ni ó mọ̀ pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Ara igi ni ẹṣin ti wá pẹ́ láyé níbẹ̀. Agbọnbíọfẹ́, gbajúgbajà agbẹ́gilére Ẹ̀fọ̀n tí ó kú ní ọdún 1945, gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè; Ẹ̀fọ̀n náà ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, kí ó tó di ará Ìsẹ̀, ọdún 1938 ni òun sì kú, ọdún eré Lexington gan-an. Nínú irú iṣẹ́ wọ̀nyí, jagunjagun tóbi gbàǹgbà, ẹṣin abẹ́ rẹ̀ sì kéré bí ẹran ọ̀sìn inú ilé. Àwọn kan a máa sọ pé àìmọ ẹṣin dáadáa ni ó fà á. Èrò náà kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, nítorí ọwọ́ tí ó lè fín ìjánu àti gàárì yékéyéké kò lè ṣàìmọ bí ẹṣin ti ga tó. Iyì ni agbẹ́gilére ń wọ̀n, ẹni tí ó gun ẹṣin ni iyì sì jẹ́ tirẹ̀. Òdì èyí ni ìdájọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ènìyàn jókòó sẹ́yìn ìrù ẹṣin tí wọ́n sì gbé orúkọ fún ẹṣin. Àwọn tí ó mọ Greyhound kò kéré, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ó mọ Sep Palin tí ó darí rẹ̀?

Bí ìdájọ́ méjèèjì bá tilẹ̀ dọ́gba, àkọsílẹ̀ wọn kò dọ́gba rárá. Òpó jagunjagun orí ẹṣin kan tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wà ní Metropolitan Museum ní New York, ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Goshen, àkọsílẹ̀ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àìmọye ère Yorùbá mìíràn ni ó wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ tí kò ní ju orúkọ ẹ̀yà lọ, bí ẹni pé gbogbo Yorùbá ni ó pawọ́ pọ̀ gbẹ́ wọn. Greyhound ní orúkọ bàbá, Guy Abbey, ó ní ti ìyá, Elizabeth, ó ní iye tí wọ́n rà á. Ó yẹ kí àwọn ààfin ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, pẹ̀lú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún òpó, ilẹ̀kùn àti ère Ẹ̀pà tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn, láti ẹnu àwọn ìdílé agbẹ́gilére fúnra wọn: ta ni ó gbẹ́ ẹ, igi wo ni, ọba wo ni ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kí sì ni wọ́n san fún un.