Òtítọ́ Dé Ọjà, Ó sì Tà

 

Kò sí ẹni tí kò mọ òwe tí àwọn àgbà máa ń pa, pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bí a bá pa á tán, a ó mi orí, a ó sì máa bá òwò wa lọ bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń ka ìwé kan tó bá òwe yìí jiyàn. Ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, n kò rò pé ó gbọ́ òwe náà rí, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni pé òtítọ́ dé ọjà, ó sì tà. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tó ń tajà nínú ẹgbẹ́ wa ka ìwé náà. Ìdí rèé tí mo fi tọrọ ojú-ìwé yìí lọ́wọ́ alága lóṣù yìí.

Orúkọ ìwé náà ni They Ask, You Answer. Bí a bá ní ká sọ ọ́ ní èdè wa: wọ́n bi ọ́, dá wọn lóhùn. Marcus Sheridan ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ní 2017 ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 2019. Kò tíì pẹ́ tó dé ọwọ́ àwa níbí. Ohun tó dá lé lórí ni bí ilé-iṣẹ́, ìbáà ṣe ńlá tàbí kékeré, ṣe lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní blog. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn bà yín lẹ́rù. Bí ẹ bá ti ń gbé àwòrán ọjà yín sórí WhatsApp, ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ ń kọ sábẹ́ àwòrán náà ló kù.

Sheridan kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Oníṣòwò bíi tiwa ni. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló jọ ṣe River Pools and Spas ní ìpínlẹ̀ Virginia. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ oní-fáíbà ni wọ́n ń tà, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe tán ní ilé-iṣẹ́, tí wọ́n á wá gbé e sin sí ẹ̀yìnkùlé ẹni tó rà á. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, àwọn tó ti ní àwọn máa rà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn padà. Ta ló ń wá ibi ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tí ilé tó ń gbé fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Owó tó wà ní báńkì tán, ó sì wọ gbèsè. Kò sí owó ìpolówó mọ́.

Ohun tí ọkùnrin yìí wá ṣe ní 2009 kò ju èyí lọ: ó rántí gbogbo ìbéèrè tí oníbàárà ti bi í rí, ó kọ wọ́n sílẹ̀, ó sì ń jókòó lálaalẹ́ sídìí tábìlì nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó ń dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìdáhùn náà síta kí gbogbo ayé kà á. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni ìbéèrè tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa: Èló ni? Àwọn tó ń ta irú ọjà yẹn kì í sọ iye rẹ̀ síta. Wọ́n á ní ó sinmi lórí bó bá ṣe tóbi tó, kí oníbàárà kọ́kọ́ pe àwọn ná. Sheridan náà sọ pé ó sinmi lórí nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dárúkọ àwọn nǹkan náà, ó sì sọ iye tó lè kéré mọ àti iye tó lè ga dé. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ṣírò rẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn mú ọjà tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là wọlé láàárín ọdún díẹ̀.

Ó tún ṣe èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ó kọ àléébù ọjà tirẹ̀ síta. Bí àpẹẹrẹ, adágún oní-fáíbà kì í sábà fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ, nítorí pé ojú títì ni ọkọ̀ máa gbé e gbà. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí ó lọ bá àwọn oníkankéré. Nígbà tí àwọn èèyàn sì ń béèrè ta ló tún mọ iṣẹ́ náà ní agbègbè Richmond, ó to orúkọ àwọn tó ń bá a du ọjà sílẹ̀, kò sì fi tirẹ̀ sí i. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ṣé orí ọkùnrin yìí pé báyìí? Àfi ìgbà tí mo rò ó dáadáa. Ẹni tó ń wá àwọn ọlọ́jà yòókù, ọwọ́ ta ló ti gbọ́ nípa wọn? Ọwọ́ ẹni tó sọ òótọ́ fún un ni. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ló sì máa ń padà sí.

Ẹ wá jẹ́ ká wálé. Kí ni àwa ń kọ sábẹ́ àwòrán ọjà wa? "Ẹ kàn sí mi fún iye rẹ̀." Oníbàárà kàn sí wa, a kí i, a bi í pé èwo ló fẹ́. Ó ní èyí tó wà lókè yẹn. A ní mélòó? Kí a tó wá dárúkọ owó, ó ti ra tirẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Sheridan ní nǹkan márùn-ún ni oníbàárà máa ń fẹ́ mọ̀ kó tó ná owó rẹ̀: iye ọjà, àléébù ọjà, bí ọjà yìí ṣe rí sí èkejì rẹ̀, ohun tí a lè sọ nípa rẹ̀ bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn, àti èwo ló dára jù. Àwọn márààrún gan-an ni àwa ọlọ́jà máa ń yẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta àdìrẹ ẹlẹ́lùú. Mo mú ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, mo sì bi wọ́n pé ìbéèrè wo ni wọ́n ń bi wọ́n jù. Wọn ò tilẹ̀ ronú. Wọ́n ní, "Ṣé kò ní ṣí?" Mo ní, "Kí lẹ máa ń fèsì, mà?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Akọ̀wé, mo máa ń ní kò lè ṣí láéláé ni." Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ aró mọ̀ pé aró ẹlú máa ń yọ díẹ̀ nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́. Oníbàárà á gbàgbọ́, á fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun, aṣọ funfun á bàjẹ́, á sì di pé irọ́ ni ìyá yẹn ń pa. A jọ jókòó, a kọ ọ́ báyìí: "Aró ẹlú ni a fi rẹ ẹ́. Ó máa yọ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ dá a fọ̀ nínú omi tútù, ẹ má lo ọṣẹ tó le, abẹ́ ibòji ni kí ẹ sá a sí." Iye rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìyá náà kò tíì di olówó o, oṣù kan péré ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn tó ń pe àwọn báyìí kì í bi àwọn ní ìbéèrè púpọ̀ mọ́, iye ọ̀pá tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n ń sọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi létí ìgbìmọ̀. Àkọ́kọ́, pé bí a bá tú àṣírí òwò wa síta, àwọn mìíràn á jí i lò. Ẹ gbọ́ ìtàn télọ̀ kan. Thomas Mahon ni orúkọ rẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ ní Savile Row ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọlọ́lá ti ń rán kóòtù. Ní 2005 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ English Cut lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gé kóòtù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tí a wọn fún ọ àti èyí tí a rà lórí ìkọ́, àti ìdí tí owó rẹ̀ fi pọ̀. Ṣé gbogbo ẹni tó kà á ló di télọ̀? Rárá o. Àwọn oníbàárà ló ń wá a, títí dé Amẹ́ríkà. Ẹni tó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe nira tó kì í yọ owó lẹ́nu.

Ìkejì, pé iye ọjà kì í dúró sójú kan. Èyí mọ́gbọ́n dání. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa ti rí. Èsì tèmi ni pé kí ẹ kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà, kí ẹ sì sọ ohun tó ń mú un gòkè. Bí oníbàárà bá mọ̀ pé owó ọkọ̀ ló gòkè, kò ní pè yín ní olè.

Ìkẹta, pé a ò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Yorùbá ni oníbàárà yín gbọ́, Yorùbá ni kí ẹ kọ. Ọmọ yín tó wà ní girama lè bá yín tẹ̀ ẹ́.

Ìwé náà kò wá láìní àbùkù. Ó máa ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ ní ìgbà púpọ̀, ó sì ní apá kan tó dá lórí gbígba òṣìṣẹ́ àti ríra ẹ̀rọ, èyí tí kò kan ẹni tó ń dá ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fo ibẹ̀.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe ohun tí mò ń ní kí ẹ ṣe. Àwọn èèyàn 28 tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844, tí a ṣì ń tẹ̀lé ìlànà wọn, ohun tí wọ́n fi fa èrò mọ́ra ni ìyẹ̀fun tí a kò lú àti òṣùwọ̀n tó pé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí jù ni pé kí ló dé tí ẹ̀yáwó fi ń pẹ́. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹ wá sí ọ́fíìsì. Ìdáhùn gidi rèé: owó ìfipamọ́ yín náà ni a fi ń yá yín. Bí àwọn tó fẹ́ yá bá ju owó tó wà nílẹ̀ lọ, ìlà ló kàn.

Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lọ́jà pé àwọn kan kì í tò. Òótọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, ẹni méjì gba ẹ̀yáwó ṣáájú àwọn tó ti wà lórí ìlà. Ti ẹni àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, òfin ẹgbẹ́ sì fàyè gba ìyẹn. Ti ẹnì kejì kò tọ́. Mo mọ̀ sí i, mo fọwọ́ sí i, n kò sì sọ fún yín. Mo tọrọ àforíjì. Nítorí pé a dákẹ́, àhesọ di mẹ́wàá, ọmọ ẹgbẹ́ mélòó kan sì ti yọ owó wọn lọ. Láti oṣù tó ń bọ̀, ìlà ẹ̀yáwó á máa wà lára ògiri ọ́fíìsì, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ̀wé.

Ìwé náà méjì ló wà ní ọ́fíìsì báyìí. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni a ó máa yá a yín, láìgba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìpàdé tó ń bọ̀, èmi á ka àwọn ibi tó kàn wá, n ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí olúkúlùkù mú ìbéèrè mẹ́wàá tí oníbàárà máa ń bi í wá. Kí ẹ sì mú ti ẹgbẹ́ náà dání. A ó dáhùn rẹ̀ níhìn-ín.

Èmi ni akọ̀wé yín.