Ìdíje Taichi: Ìjà Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Lu Ẹnikẹ́ni

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó ń ṣubú la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bí ọmọdé bá ṣubú, á dìde, á gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n bí ẹni àádọ́rin ọdún bá yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, eegun ìbàdí lè dá, ẹni tó sì dá lọ sọ́jà lánàá lè di ẹni tí wọ́n ń gbé dìde lórí ibùsùn. Ohun mìíràn tún ni pé ẹni tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan á máa bẹ̀rù, kò ní fẹ́ rìn mọ́, ẹsẹ̀ tí a kò bá sì lò, ṣe ló ń rọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká wo ohun tí àwọn ará Ṣáínà ń fi ìjà ìbílẹ̀ wọn ṣe. Wushu ni wọ́n ń pè é, òun náà ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí kúńfú. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìjà bà yín lẹ́rù. Mo mọ̀ pé fíìmù tí wọ́n ti ń fò lórí òrùlé ló máa wá sí yín lọ́kàn. Ẹ̀ka kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní taichi, tó lọ́ra bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn nínú omi tó mù ún dé ìbàdí. Ìdílé Chen ní abúlé Chenjiagou, ní ìpínlẹ̀ Henan, ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ibẹ̀ ni Yang Luchan ti lọ kọ́ ọ kó tó gbé e dé Beijing ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1956, ìjọba Ṣáínà ní kí àwọn ọ̀gá nídìí rẹ̀ gé e kúrú sí ìṣísẹ̀ 24, kí mẹ̀kúnnù lè rí i kọ́. Ènìyàn lè ṣe é tán láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní 2018, àwọn oníwàádìí ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí 670 àgbàlagbà tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún tàbí tí wọ́n pé e, tí ẹsẹ̀ wọn kò ti dá wọn lójú mọ́. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 24 kọ́ apá kan nínú wọn ní taichi, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan. Ìṣubú tiwọn fi ìdá 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tó kàn ń na ara. Ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Ẹ óò wá bi mí pé kí ló kan ìdíje níbẹ̀. Ẹni tó ń dá eré ìdárayá ṣe, òjò á rọ̀ lọ́jọ́ kan, àlejò á dé lọ́jọ́ kejì, nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́jọ bá mọ̀ pé àwọn jọ máa dúró níwájú adájọ́ lóṣù mẹ́ta òní, tí Ìyá Àgbà kò bá yọjú láàárọ̀, wọ́n á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹ bá dé ọgbà Tiantan ní Beijing láàárọ̀, ẹ óò bá àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń jọ ṣe é. Àwọn ará Ṣáínà mọ̀ pé ìdíje ń mú irú wọn dúró. Wọ́n ṣe àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ fún wushu ìbílẹ̀ ní Zhengzhou, olú-ìlú Henan, ní 2004. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín àwọn ènìyàn, ẹni ọgọ́ta ọdún sókè ní ìsọ̀rí tiwọn.

Ẹgbẹ́ kan kì í dín ní ènìyàn mẹ́fà. Wọ́n á wọ aṣọ kan náà. Àwa tí a mọ àǹkò, ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ààyè tí òfin ìdíje là sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ jẹ́ mítà 16 ní gígùn, mítà 14 ní ìbú. Adájọ́ á máa wò ó bóyá ọwọ́ gbogbo wọn ń gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá ìlà wọn gún, bóyá ẹsẹ̀ wọn dúró dáadáa. Ẹni tó bá yára ju àwọn tó kù lọ ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ọgbọ́n kan tún wà tó dùn mọ́ mi: àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ni wọ́n ń fi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á fi àwọn tó ń gbàgbé sáàárín. Bí gbogbo wọn bá yí padà, tí ẹni iwájú di ẹni ẹ̀yìn, ẹni àárín á ṣì rí ẹni tí yóò máa wò.

Ibi tí ẹgbẹ́ ti lè dìjà ni pé àwọn kan á ní kí baba tó lọ́ra jókòó, kí àwọn lè gba ife. Bí mo bá ni mo ń ṣètò ìdíje, òfin mi àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ̀wé lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé orí pápá, àyàfi bí dókítà bá ní rárá. Torí àwọn tó lọ́ra ni a ṣe pe gbogbo wa jọ. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo ènìyàn kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà jẹun kó tó wá, kí ẹni tí orúnkún ń dùn má sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ jù. Òòyì bá kọ́ ẹnikẹ́ni, kó jókòó.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní kúńfú lòun fẹ́ kọ́, ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ léèrè ohun tó ń kọ́ wọn. Taolu ni èyí tí wọ́n ń fi ìṣísẹ̀ hàn láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Sanda ni èyí tí wọ́n ti ń lu ara wọn lóòótọ́. Taolu ni kí ọmọ kékeré fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2020, ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé gba wushu wọlé sínú Òlíḿpíìkì àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé fún Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gà, fún 2026. Ọmọ tó ń pariwo kúńfú nílé kò fi bẹ́ẹ̀ ya wèrè.

Àwọn kan á béèrè bóyá ẹ̀sìn kan wà nínú rẹ̀. Inú èrò àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ ni orúkọ taichi ti wá, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í júbà òrìṣà lórí pápá ìdíje.

Ẹni tí kò tíì rí ẹgbẹ́, kó mú àga tó wúwo, kó dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó wọ bàtà tó dè dáadáa, kì í ṣe sìlípáàsì. Ẹ di àga mú, ẹ fi gbogbo ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀díẹ̀ títí gìgísẹ̀ òsì á fi fúyẹ́, ẹ mí sínú, ẹ mí síta, kí ẹ tó padà sí òsì. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀ ti tó. Kí ẹnì kan wà nítòsí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.