Ọjà Kò Tíì Tú, Ẹ Má Palẹ̀ Mọ́!

Ẹni tó fẹ́ palẹ̀ mọ́ torí pé àárọ̀ kò dára, kó wá gbọ́ ti Nwankwo Kanu.

Lọ́jọ́ 31 oṣù Keje, ọdún 1996, ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó lọ sinmi, Bràsíl ti gbá 3 wọlé, tiwa jẹ́ 1 péré. Jay-Jay Okocha gbá pẹnáríìtì, kò wọlé! Síbẹ̀ wọn ò káwọ́ lérí. Victor Ikpeba sọ ọ́ di 3 sí 2. Ó kù díẹ̀ kí fèrè ìparí dún, Kanu dá a padà: 3 sí 3. Wọ́n fi àkókò kún un, Kanu tún gbá a wọlé. Ó parí! Wọ́n na Àjẹntínà náà, wọ́n gba wúrà.

Lọ́dún yẹn kan náà, àrùn ọkàn dé sí Kanu, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó tún padà sórí pápá, ó gbá bọ́ọ̀lù fọ́dún púpọ̀.

Àwọn akọni náà ń ṣubú o, wọn kì í kàn sùn síbẹ̀ ni. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.