Ìdúró Lẹ́nu Táńkì Kì í Ṣe Ìdúró Lásán



Ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu máníjà kan ní Adó yìí tí a kò ní gbé mì. Wọ́n rán ọ̀kan nínú wa wọ inú táńkì láti ha ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ dúró lẹ́nu táńkì, ó ń ṣọ́ okùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe ẹni ìta pé kó wá bá wọn kó ẹrù sínú lọ́rì. Nígbà tó padà dé, ó pe ẹni inú títí, kò gbọ́ ohùn. Ọpẹ́lọpẹ́ okùn tó wà ní ìbàdí ọkùnrin náà! Mọ́tọ̀-bọ́ì méjì sáré wá, wọ́n bá a fà á jáde, Ọlọ́run sì bá wa jí i. Nígbà tí a lọ fẹjọ́ sùn, èsì máníjà ni pé ẹni tó dúró lẹ́nu táńkì kò ṣiṣẹ́ kankan, ìdúró lásán ni, òun kò sì lè máa sanwó ìdúró.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ń ṣe.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 tí ń bá àwọn ọkọ̀ epo ṣiṣẹ́ dojú dé lójú òkun wa nítòsí Escravos, ó sì rì sí ìsàlẹ̀ tó jìn tó nǹkan bí 30 mítà. Ènìyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, tí í ṣe alásè wọn, nìkan ló yè. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó há sínú ọkọ̀ náà ló ń mí fún nǹkan bí 60 wákàtí, nínú òkùnkùn àti òtútù. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ wá gbé. Nico van Heerden rí ọwọ́ kan nínú omi, ó rò pé ọwọ́ òkú ni. Àfi bí ọwọ́ náà ṣe di tirẹ̀ mú.

Gbogbo ayé ló wo fídíò ọwọ́ yẹn. Ta ló wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Láti òkè ni afẹ́fẹ́ tí òmùwẹ̀ ń mí ti ń gba inú ọ́ọ̀sì wá. Láti òkè ni omi gbígbóná tí kì í jẹ́ kí òtútù pa á ti ń wá. Òkè náà ni ọ̀gá iṣẹ́ wà, tó ń fi kámẹ́rà wo ohun tí òmùwẹ̀ ń wò, tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Omi gbígbóná yẹn ni wọ́n fi mú ara Okene móoru kí wọ́n tó dé àṣíborí òmùwẹ̀ fún un. Wọn kò sì gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ẹni tó ti pẹ́ lábẹ́ omi bá yára gòkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò hó bí ọṣẹ, yóò sì pa á. Ó lò ju ọjọ́ méjì lọ nínú yàrá irin, tí àwọn kan jókòó ti ẹ̀rọ, tí wọ́n ń dín ìfúnpá afẹ́fẹ́ náà kù díẹ̀díẹ̀. Ṣé ìjókòó lásán nìyẹn náà?

Inú ihò àpáta tí omi kún tilẹ̀ burú jù, nítorí àpáta ló bo orí. Ẹni tí nǹkan bá ṣe kò lè gòkè tààrà. Ní ọdún 2018, omi sé ọmọkùnrin 12 àti olùkọ́ bọ́ọ̀lù wọn mọ́ inú ihò Tham Luang ní orílẹ̀-èdè Thailand. Òmùwẹ̀ méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí wọn ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, òkìkí wọn sì kàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè kó àwọn ọmọ náà jáde, àwọn mìíràn ní láti lọ gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kalẹ̀ káàkiri ojú ọ̀nà inú ihò. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni Saman Gunan kú sí ní ọjọ́ 6. Ó gbé ìmí lọ fún ẹlòmíràn, òun kò padà wálé. Nígbà tó di ọjọ́ 10, gbogbo àwọn 13 ti jáde láàyè.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ibẹ̀ jìnnà sí Èkìtì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá fà, a máa ń gbẹ́ kànga jinlẹ̀ sí i. Àwọn kan a gbé ẹ̀rọ tí ń lo bẹntiróòlù sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láti fi fa omi. Èyí tí ń pa ènìyàn nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn. Ẹni àkọ́kọ́ á ṣubú. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ á bẹ́ tẹ̀ lé e láìso okùn. Òkú á di méjì. Ìfẹ́ nìkan kò gba ẹnikẹ́ni là nínú kànga. Ètò ló ń gbà á.

Òfin Ilé-iṣẹ́ ọdún 1987 kò sì fi táńkì àti kòtò sílẹ̀. Níbi tí èéfín burúkú bá lè wà, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lé e jáde, tàbí kí ẹni tó ń wọlé lo ohun èlò ìmí; ó sì ní kí bẹ́líìtì àti okùn wà nílẹ̀. Ẹ bi àwọn ọ̀gá yín pé níbo ni tiyín wà.

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa náà wí. Àwa la máa ń pe ẹni tó di okùn mú ní ọ̀lẹ. Àwa la máa ń fi mọ́tọ̀-bọ́ì tó fi òkúta wé táyà ṣẹ̀sín, nígbà tí mẹkáníìkì wà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀.

Ohun tí à ń béèrè fún kò ju mẹ́ta lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wọ táńkì tàbí kòtò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ẹni tó ń ṣọ́ okùn kúrò nídìí rẹ̀, ìbáà jẹ́ máníjà. Kí owó ẹni ìta má sì dín sí ti ẹni inú. Bí wọ́n bá ní kí ìwọ nìkan wọlé, dúró síta, kí o sì ránṣẹ́ pè wá.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọjọ́ tí máníjà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdúró lásán ni, kí òun fúnra rẹ̀ wọ táńkì, kí ó sì sọ fún ẹni tó di okùn mú pé kó máa lọ.