Ẹ Fọ Ilẹ̀ Mọ́ Kí Ẹ Tó Kọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Sí I

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé kò sí ilẹ̀ tí kò ṣeé kọ́lé sí. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kógbá sílé, wọn a ní kí a da erùpẹ̀ bo ọgbà rẹ̀, kí a kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ síbẹ̀, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n gbàgbé pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kí irú wọn yẹ ọ̀ràn Love Canal wò, ní ìlú Niagara Falls, ní Amẹ́ríkà. Láti 1942 títí di 1953, ilé-iṣẹ́ Hooker ri nǹkan bí 21,000 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí kẹ́míkà mọ́ inú kòtò odò kan tí a gbẹ́ tì. Ó fi erùpẹ̀ bò ó, ó sì ta ilẹ̀ náà fún ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà ní dọ́là kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìwé tí ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ewu tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìgbìmọ̀ náà mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀, síbẹ̀ wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó ṣe, omi abẹ́ ilẹ̀ kún, májèlé sì ń sun jáde sínú ilé àti sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Lois Gibbs, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, kó àwọn aládùúgbò jọ, wọ́n figbe ta. Ní 1978, a ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa, a sì kó àwọn ìdílé kúrò. Ní 1980, òfin dé pé ẹni tí ó ba ilẹ̀ jẹ́ ni yóò sanwó àtúnṣe rẹ̀.

Ó di 2004, lẹ́yìn tí owó tí ó súnmọ́ 400 mílíọ̀nù dọ́là ti wọlé sí i, kí ìjọba tó yọ ibẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn ilẹ̀ eléwu. Síbẹ̀ májèlé náà wà lábẹ́ amọ̀ tí a fi bò ó, a sì ń fa omi rẹ̀ jáde láti sẹ́ ẹ. Ṣé ilẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn?

Àwọn alátakò yóò ní kò sówó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Irọ́ ni. Ní 2010, òjé inú òkúta wúrà pa àwọn ọmọdé tí ó ju 400 lọ ní Zamfara. Erùpẹ̀ olóró ni a kọ́kọ́ kó kúrò ní agboolé wọn, nítorí pé ọmọ tí a wò sàn, tí ó tún padà sórí májèlé, asán ni ìtọ́jú rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí a bá fún ní ilẹ̀ tuntun béèrè pé: iṣẹ́ wo ni a ti ṣe níhìn-ín rí? Ta ni ó yẹ erùpẹ̀ rẹ̀ wò? Níbo ni ìwé ẹ̀rí wà? Bí èsì kò bá sí, kí ó má ṣe kó ọmọ ọlọ́mọ débẹ̀. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.